Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ gbé odidi àwo orin jáde láti Ifẹ̀

Akọrin Lágeré

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ifẹ̀ ni mo wà, apá Lágeré níbí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọrin níbi ìnáwó, mo sì ní báńdì kékeré kan: gìtá, kíbọ́ọ̀dù, àwọn onílù dùndún àti elégbè mẹ́ta. Mo ti gbé orin kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì rí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí odidi àwo ni mo fẹ́ ṣe. Ohùn orin tó wà nínú fóònù mi pọ̀ jọjọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ààbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn: èyí légbè kò ní lílé, ìyẹn lóhùn kò lọ́rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra bíìtì mẹ́wàá, kí n jókòó, kí n máa kọ ọ̀rọ̀ lé e lórí. Àwọn onílù mi ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é? Ibo lorin ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Báwo lẹ sì ṣe ń mọ̀ pé orin kan ti tó kó wọ àwo?

Ìyá Elégbè

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́jà ni mo ti ń gbè lẹ́yìn àwọn olórin jùjú àti olórin ẹ̀mí, Ifẹ̀, Iléṣà, Òṣogbo, kò síbi tí a ò dé. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ.

Ẹni tó bá ti inú bíìtì bẹ̀rẹ̀, bíìtì ló máa darí ẹnu ẹ̀. Wọ́n ti pín àyè sílẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ tó bá máa gba inú àyè yẹn ló máa wá, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti tán á fi "yé, yé" dí i. Ọ̀rọ̀ ni kó o kọ́kọ́ wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá o. Ọ̀rọ̀ tí o gbọ́ lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ pé òún ń kọrin: ohun tí obìnrin kan sọ fún ọmọ rẹ̀ ní gáréèjì, ohun tí bàbá kan sọ nígbà tí wọ́n ń ka owó sí i lọ́wọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ní ohùn nínú kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ. Tìẹ ni kó o fetí sí i dáadáa.

Ní ti pé ìgbà wo lorin tó: má gbé e lọ sí sítúdíò láìtíì gbé e lọ sí òde. Tí ẹ bá ń ṣeré níbi ìnáwó, tí àwọn èèyàn ti jẹun, tí ọkàn ti balẹ̀, dá orin tuntun náà sílẹ̀. Má kéde pé orin tuntun ni. Má wo àwọn tó wà níwájú, torí àwọn yẹn ń jó nítorí pé wọ́n fẹ́ kó o dárúkọ àwọn. Ẹ̀yìn ni kó o máa wò, níbi tí àwọn obìnrin ti ń bu ìrẹsì, tí wọ́n ń to abọ́. Àwọn yẹn ò ráyè tẹ́nìkan, wọn ò sì ní ná owó fún ẹ. Tí ègbè ẹ bá dé ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta, tí o rí i pé ẹnìkan nínú wọn ti ń gbè é bó ti ń bu ọbẹ̀, orin ti dé nìyẹn. Tí o bá lo odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbè é yàtọ̀ sí wa tí o ń sanwó fún, lọ tún un ṣe.

Ègbè tó gùn kì í tẹ̀lé èèyàn délé. Ìyẹn ni mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn jù.

Onísítúdíò

Mo kí Ìyá Elégbè o, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn bíìtì díẹ̀. Iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ni mò ń ṣe, mo sì ń rí àwọn ọmọ tó ń ti inú bíìtì bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á jẹ́ kí bíìtì máa yí, wọ́n á máa fẹnu gbé ohùn tí kò ní ìtumọ̀ kankan jáde lórí ẹ̀, èmi á máa gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó jọ tẹ́tí sí i, a ó mú ibi tó dùn, ibẹ̀ la ó wá ọ̀rọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ orin tí ẹ ń gbọ́ nínú kórópe láti Mayfair dé Sábó, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Ọ̀nà náà dára fún orin ijó. Tó bá jẹ́ pé kí ẹsẹ̀ gbéra ni ète orin yẹn, kí ni kó dé tí kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀? Ibi tó ti ń ṣòro ni tí ohùn bá ti jókòó tán, tí wọ́n wá fẹ́ fi ojúlówó Yorùbá sí i.

Ọ̀gákọrin

Ibi tí mo ti fẹ́ bá Onísítúdíò sọ̀rọ̀ nìyẹn gan-an. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ni mò ń darí, mo sì kẹ́kọ̀ọ́ orin ní yunifásítì wa níbí. Tí ohùn orin bá ṣáájú ọ̀rọ̀ lédè tiwa, ọ̀rọ̀ ló máa jìyà. Èdè wa ní dò, rè, mí tirẹ̀ (ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín, ti òkè) kí olórin tó dé.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní o fẹ́ kọrin yin Ifẹ̀, o wá kọ ọ́ pé "ìlú wa dùn". Dò, mí, rè, dò ni. Tí ohùn orin tí o ti ní sílẹ̀ bá wálẹ̀ níbi "lú", tí kò gòkè, gbogbo ẹni tó bá gbọ́ á gbọ́ pé "ìlù wa dùn". Wọn ò ní mọ̀ pé àṣìṣe ni. Wọ́n á máa jó, wọ́n á rò pé àwọn onílù ẹ lò ń yìn, orin tí o kọ fún ìlú ẹ á sì di orin onílù.

Àwọn tó kọ́kọ́ tú orin ìjọ sí Yorùbá kó sínú wàhálà yìí: ohùn òyìnbó ni wọ́n mú, wọ́n ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ̀ ọ́. Títí dòní, orin mìíràn wà tí à ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ pé ẹni tí kò ní ìwé orin lọ́wọ́ kò lè mọ ohun tí à ń wí. T.K.E. Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 títí di 1962, wà lára àwọn tó fi iṣẹ́ wọn tún un ṣe. Ó jẹ́ kí orin máa tẹ̀lé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ẹni.

Kò túmọ̀ sí pé kí o máa kọrin bí ẹni ń sọ̀rọ̀ o. Ohùn méjì tó tẹ̀lé ara wọn ló ṣe pàtàkì: tí ọ̀rọ̀ bá gòkè, má jẹ́ kí orin sọ̀ kalẹ̀. Bí ó ṣe máa gòkè tó, ìyẹn wà lọ́wọ́ tìẹ. O lè fò ó, o lè rọra gùn ún, o lè fa ìkan gùn títí tó o bá fẹ́. Àyè tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ.

Ọmọ Àyàn

Ẹ ṣé, Ọ̀gákọrin. Nílé tiwa, kò sẹ́ni tó ń fi ìwé ṣe èyí. Tí bàbá wa bá fẹ́ mọ̀ bóyá orin kan dúró, á ní kí ẹni tó kọ ọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu lásán, láìkọ ọ́. Á wá fi ìyáàlù wí i. Ohùn tí ìlù bá mú jáde, òun ni ìpìlẹ̀ orin. Akọrin á wá máa ṣe ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ lórí ẹ̀.

Bọ̀dá Lágeré, ẹ ti ní onílù dùndún nínú báńdì yín. Kí lẹ ń wá lọ sọ́dọ̀ oníbíìtì? Ẹ pe onílù yín jókòó lọ́jọ́ tí kò síṣẹ́, ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ fún un, kó máa dá a padà fún yín. Ibi tí ìlù bá ti kọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò tíì dáa.

Akọrin Lágeré

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ń rí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀kan kalẹ̀ níwájú yín kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Orin ìyá tí ọmọ rẹ̀ lọ sí Èkó ni. Mo ti ní lílé, ègbè ni kò dùn mọ́ mi nínú:

*Lílé:* Ọmọ tó lọ sí Èkó, tó ríṣẹ́ ńlá ṣe,
Ìyá rẹ̀ ń wọ̀nà fún un ní Lágeré,
Ó gbálẹ̀ iyàrá rẹ̀ láràárọ̀,
Owó tó fi ránṣẹ́ dé, òun fúnra rẹ̀ kò dé.

*Ègbè:* Ìfẹ́ ìyá kò láfiwé, ẹ jẹ́ ká rántí òbí wa nígbà gbogbo.

Ìyá Elégbè

Ó dáa. Ó dáa gan-an. Ìlà kẹta yẹn, tó ń gbálẹ̀ iyàrá, mo mọ obìnrin bẹ́ẹ̀.

Ègbè ẹ ni ìwàásù. Lílé ti mú mi dé ẹnu ọ̀nà ìyá yẹn, mo ti ń rí ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ègbè wá gbé mi kúrò níbẹ̀ lọ sí ìpàdé òbí. Ègbè ẹ ti wà nínú lílé, ìwọ lo ò rí i. Ìlà ìkẹyìn: owó dé, ọmọ ò dé. Gé e bẹ́ẹ̀, má fi ohunkóhun kún un.

*Lílé:* Ọmọ tó lọ sí Èkó
*Ègbè:* Owó dé, ọmọ ò dé
*Lílé:* Ìyá rẹ̀ ń wọ̀nà ní Lágeré
*Ègbè:* Owó dé, ọmọ ò dé
*Lílé:* Ó gbálẹ̀ iyàrá láràárọ̀
*Ègbè:* Owó dé, ọmọ ò dé

Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ ọ́n gbè. Kò sí ìdí láti sọ fún wọn pé kí wọ́n rántí òbí. Ẹni tí kò bá rántí ìyá ẹ̀ níbẹ̀, ìwàásù ò ní ràn án lọ́wọ́.

Ọmọ Àyàn

Rè mí mí, rè rè dò mí. Ìyáàlù á wí i tán porogodo, ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá á dá a mọ̀ láìsí ẹnu nínú ẹ̀. Àǹtí, ẹ kú orí ire. Ẹ jẹ́ kí ìlù dá a sílẹ̀ lóun nìkan ní ìbẹ̀rẹ̀ orin kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ọ̀gákọrin

Ẹ wo nǹkan kan sí i nínú ègbè yẹn. "Dé" àkọ́kọ́ àti "dé" kejì, ohùn òkè ni méjèèjì, àmọ́ ti kejì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ "ò". Àtisàlẹ̀ gòkè yẹn ni ẹ̀dùn wà. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ lóhùn mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí àwọn elégbè wà lójú kan náà níbi "owó dé", kí wọ́n wá pínyà níbi "ọmọ ò dé". Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ohùn tó ń tako ọ̀rọ̀ sí àárín. Kí gbogbo wọn jọ sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n jọ gòkè.

Ọmọ Obòkun

Mo kí gbogbo yín láti Iléṣà o. Mo rí i pé ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa orin kọ̀ọ̀kan, àwo ńkọ́? Àwo kì í ṣe orin mẹ́wàá tí a kó jọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ èèyàn wa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni I.K. Dairo, olórin jùjú, kò jìnnà sí wa níbí. 1957 ló dá báńdì tirẹ̀ sílẹ̀, ó fi àkọ́díọ̀nù sínú jùjú, nígbà tó sì di 1963, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè MBE dá a lọ́lá. Àwo kékeré ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, ojú kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ gbọ́ orin bàbá náà, ẹ ó rí i pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣòfò: ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀, ègbè, ìlù díẹ̀, ó parí. Nígbà tí àwo ńlá wá gbòde, tí ojú kan gba ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn olórin jùjú bẹ̀rẹ̀ sí í so orin mọ́ra, wọ́n á wọ inú orin kan láti inú èkejì láìdá ìlù dúró, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde gẹ́lẹ́. Ohun tí a fi ń gbé orin ló ń sọ bí orin ṣe máa rí.

Nítorí náà, kí o tó kọ orin kún èyí tí o ní, bi ara rẹ pé níbo làwọn èèyàn ti máa gbọ́ àwo yìí? Tó bá jẹ́ inú fóònù ni, wọ́n á máa gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, orin kọ̀ọ̀kan ní láti dá dúró. Tó bá jẹ́ pé lóde ìnáwó ni wọ́n á ti máa gbé e, so wọ́n pọ̀, kí ẹlẹ́rọ DJ má rí ibi tó máa gé ẹ sí.

Ohun kejì: èdè. Olóògbé Dairo kò bẹ̀rù láti fi oríṣiríṣi èdè ilẹ̀ wa kọrin. Ìwọ ọmọ Ifẹ̀, kí ló dé tí gbogbo orin ẹ fi jẹ́ Yorùbá orí rédíò? Orin kan, ó kéré tán, yẹ kó wà nínú àwo yẹn tó jẹ́ pé ìyá àgbà ní Ẹnuwá á gbọ́ ọ, á ní "ọmọ tiwa rèé". Mo máa ń gbọ́ àwo àwọn ọmọdé olórin láti Iléṣà níbí, ọkàn mi kì í dùn: Ìjẹ̀ṣà kan ò sí nínú ẹ̀. Orin òkú àgbà, orin ọmọdé lábẹ́ òṣùpá, gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀, ohùn wọn dùn ju ohun tí à ń rà lọ.

Akọrin Lágeré

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn lórí ìyẹn: àwọn ọlọ́lá tó ń pè wá sóde fẹ́ kí n ki àwọn nínú àwo. Ọ̀kan nínú wọn ní òun á san owó sítúdíò tí orin kan bá jẹ́ tòun. Ṣé kí n gbà?

Ọmọ Obòkun

Gbà á, àmọ́ mọ ibi tí o máa fi sí. Àṣà wa ni kí olórin ki èèyàn, kì í ṣe ẹ̀gàn. Lọ́dún 1971, Haruna Ishola, olórin àpàlà, kọrin fún ẹgbẹ́ Òròkí Social Club ti Òṣogbo, títí dòní ni wọ́n ń gbé e síbi àríyá, lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nínú wọn. Ohun tó fà á ni pé orin náà dùn ju orúkọ tó wà nínú ẹ̀ lọ. Ìwọ náà, tí o bá máa ki èèyàn, ki ìdílé ẹ̀, ki ìlú ẹ̀, ki iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ á rí ara ẹ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé mọ́tò àti ilé tó kọ́ nìkan ni, ọdún tó ń bọ̀ kò sẹ́ni tó máa fẹ́ gbọ́ ọ.

Ìyá Elégbè

Èmi ò fara mọ́ ọn tán. Jẹ́ kí orin oríkì dá wà, má fi sínú àwo yìí. Àwo àkọ́kọ́ ni wọ́n fi máa mọ̀ ẹ́. Tí orin "Owó dé, ọmọ ò dé" bá parí, tí ohun tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ orúkọ ọlọ́lá kan, o ti lé ìyá yẹn kúrò nínú iyàrá. Bá ọ̀gá yẹn ṣe orin tiẹ̀ lọ́tọ̀, kó san owó rẹ̀, kí inú gbogbo yín dùn.

Agbẹjọ́rò Olórin

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ owó má kọjá lásán. Ẹ kọ ìpín sílẹ̀ kí ẹ tó wọ sítúdíò. Mo ti rí báńdì tó fọ́ lórí orin kan ṣoṣo tó ta, torí pé onígìtá ní òun lòún mú ohùn ẹ̀ wá, akọrin ní òun lòún kọ ọ̀rọ̀, kò sì sí ìwé láàárín wọn.

Ohun méjì ló wà nínú orin kan lójú òfin. Èkíní ni orin fúnra rẹ̀: ọ̀rọ̀ àti ohùn. Èkejì ni ohun tí a gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Ẹni tó ni ọ̀kan lè máà ni èkejì. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tuntun ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2022, tí Ààrẹ sì fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún ẹni tó kọ orin ní ẹ̀tọ́ ní gbogbo ìgbà ayé ẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀. Ti ohun tí a gbà sílẹ̀ jẹ́ 50 ọdún. Kò dìgbà tí o bá forúkọ orin sílẹ̀ kó tó di tìẹ. Gbàrà tí o bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí gbà á sínú fóònù ni. Síbẹ̀, ó dáa kí o fi tó NCC, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ní Nàìjíríà, létí, torí ọjọ́ ẹjọ́.

Ìwé ìpín ò le. Orúkọ orin, ọjọ́, orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó lọ́wọ́ sí i, ohun tó ṣe, ìdá tó kàn án nínú ọgọ́rùn-ún, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà kan lọ́wọ́ oníkálukú. Tí o bá sì ra bíìtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ka ìwé tó fún ẹ: ọ̀pọ̀ ìgbà àṣẹ láti lò ó ló tà fún ẹ, kò ta bíìtì náà fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn sì lè ti máa kọrin lé e lórí bí o ṣe ń kàwé yìí.

Àti pé ní ti orin àbáláyé tí Ọmọ Obòkun mẹ́nu bà: òfin yẹn dá ààbò bo ìyẹn náà. Má kọ orúkọ ara rẹ sí orin tí ìlú ni. Sọ ibi tó ti wá.

Onísítúdíò

Ó ku ti ilé iṣẹ́. Mo máa sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń wá bá mi.

Ẹ má wá kọ́ orin ní sítúdíò. Wákàtí ni à ń tà. Báńdì tó bá ti kọ́ orin dáadáa nílé lè parí ìlù gbogbo àwo láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí kò kọ́ ọ á lo iye ọjọ́ yẹn lórí orin kan ṣoṣo, owó á tán kí ohùn tó dé. Kí ìwọ kọ́kọ́ kọ orin náà pẹ̀lú gìtá tàbí kíbọ́ọ̀dù nìkan, kí n gbà á sílẹ̀ bí atọ́nà. Àwọn tó kù á máa gbọ́ ọ létí bí wọ́n ti ń lu tiwọn. Lẹ́yìn náà la ó yọ ohùn atọ́nà yẹn kúrò, tí a ó gba ojúlówó.

Ìlù dùndún, mo rọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ lù ú nínú iyàrá kan náà. Ẹ̀rọ tó ń ka àkókò sétí èèyàn, "kọ́, kọ́, kọ́", kì í bá wọn lára mu. Tí a bá ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ yẹn, ìlù á pé, ṣùgbọ́n á gbẹ. Wọ́n ní láti máa wo ojú ara wọn.

Ní ti gbígbé e jáde: ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń pín orin sórí Spotify, Audiomack, Boomplay àti àwọn yòókù, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tí ẹ dá. Ẹ mọ̀ pé Spotify kì í ka orin pé wọ́n gbọ́ ọ àyàfi tó bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá 30, àti pé láti 2024, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà ẹgbẹ̀rún kan láàárín oṣù méjìlá kì í gba owó lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, ìlù tó ń dá kọ fún ìṣẹ́jú kan kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, lóde ló ti dùn. Nínú fóònù, ẹni tí kò mọ̀ yín á ti kọjá lọ. Ìyáàlù tó wí "owó dé, ọmọ ò dé" lẹ́ẹ̀mejì péré, ìyẹn dáa, torí ó ti ń sọ̀rọ̀.

Má jẹ́ kí wọ́n pariwo orin ẹ jù nígbà àṣepé, ìyẹn iṣẹ́ ìkẹyìn lórí ohùn rẹ̀. Spotify máa ń mú orin wá sí ìwọ̀n ariwo kan náà. Èyí tí o ti tẹ̀ pa kó lè pariwo, wọ́n á fà á wálẹ̀, ìtẹ̀pa ibẹ̀ nìkan ló máa kù. Kí o tó sọ pé ó ti parí, gbé e sínú kórópe, kí awakọ̀ gbé e, kí ẹ jọ rìn dé Mọ́dákẹ́kẹ́. Tí o bá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ nínú ariwo ẹ́ńjìnì yẹn, ó ti dáa.

Akọrin Lágeré

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run á máa kún yín lọ́wọ́. Mo ti pe àwọn ọmọ báńdì mi. Orin mẹ́sàn-án ni mo ń wò fún àwo náà. "Owó dé, ọmọ ò dé" ló máa ṣáájú. Èyí tí àwọn tó ń bu ìrẹsì ò bá gbè, mo máa yọ ọ́. Ọ̀gá tó fẹ́ oríkì, màá ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ bí Ìyá Elégbè ṣe wí. Ìwé ìpín la fẹ́ fọwọ́ sí lákọ̀ọ́kọ́, torí onígìtá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Ohun kan ló kù. Ìgbà òjò la máa wọ sítúdíò. Ṣé kò ní da ìlù láàmú?

Ọmọ Àyàn

Á dà á láàmú tí ẹ ò bá múra. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, awọ á dẹ̀, ìyáàlù ò ní lè sọ̀rọ̀ já gaara mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn onílù tètè dé, kí wọ́n sá ìlù sóòrùn tó bá yọ díẹ̀, bí kò bá yọ, kí wọ́n yá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, kó má sún mọ́ ọn jù. Gúdúgúdú, ẹ wò ó dáadáa: ìda tó wà lójú ẹ̀ ni kí ẹni tó ń lù ú mójú tó, kó tún un lẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láàárín orin. Kó sì mú bílálà mìíràn dání yàtọ̀ sí méjì tó fi ń lù ú, nítorí ọ̀kan lè já.

Onísítúdíò

Kí n fi èyí kún un: tí ìyáàlù bá dé ọ̀dọ̀ mi, ojú awọ ni mo máa ń dojú ẹ̀rọ ìgbohùn kọ, mo sì máa ń yí i díẹ̀ kúrò níbi ṣaworo, àwọn agogo kéékèèké tó wà létí ìlù, torí ṣaworo máa ń bo ọ̀rọ̀ ìlù mọ́lẹ̀. Tí o bá fẹ́ ohùn ṣaworo, màá fi ẹ̀rọ mìíràn sí ọ̀kánkán rẹ̀ lókèèrè, kí n lè gbé e sókè tàbí kí n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá yá. Ẹ sọ èyí fún ẹnikẹ́ni tí ẹ bá lọ bá, kó tó to ẹ̀rọ. Kí ẹ sì béèrè bóyá ó ní íńfátà: òjò àti iná mànàmáná kì í gbọ́ra wọn yé ní apá ibí, ariwo jẹnẹrétọ̀ á sì wọ inú gbogbo ohùn tí ẹ bá gbà sílẹ̀.